Irọ́ tó ní àdírẹ́sì: ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa orin kọ́ńtírì tó ń pani lẹ́rìn-ín

Gìtá_Àgbà

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí a ń sọ̀rọ̀ Jim Reeves níjelòó, ẹnì kan kọ ọ́ síbẹ̀ pé orin kọ́ńtírì àwọn ará Amẹ́ríkà kò ju ẹkún, àdúrà àti ọtí lọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Mo mọ ibi tó ti wá, torí ohun tí rédíò kó wọlé fún wa nìyẹn: Jim Reeves nígbà Kérésìmesì, Don Williams lọ́wọ́ alẹ́, Kenny Rogers nígbà tí àwọn bàbá wa bá jókòó ti bíà. Orin ìbànújẹ́ tó dùn létí. Ṣùgbọ́n apá kan wà lára orin yìí tí kò fi bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, òun gan-an ni mo sì fẹ́ràn jù. Orin irọ́ ni. Irọ́ gbuu, tí akọrin á máa pa láìrẹ́rìn-ín, bí ẹni tó ń jẹ́rìí ní kóòtù.

Ẹ gbọ́ ọ̀kan. Ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 1969 ni Johnny Cash kọ ‘A Boy Named Sue’ níwájú àwọn ẹlẹ́wọ̀n ní San Quentin, California. Shel Silverstein, ẹni tó ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ tó sì ń kọ̀wé fún àwọn ọmọdé, ló kọ ọ̀rọ̀ orin náà. Cash kò tíì mọ̀ ọ́n sórí, ṣe ló ń wo bébà níwájú rẹ̀ bó ṣe ń kọ ọ́. Ìtàn náà rèé: bàbá kan sá fi ìyàwó àti ọmọ ọdún mẹ́ta sílẹ̀. Gìtá àti ìgò ọtí òfìfo ni gbogbo ogún tó fi lélẹ̀. Kó tó lọ, ó sọ ọmọkùnrin náà ní Sue, orúkọ obìnrin. Ibi gbogbo tí ọmọ yìí bá dé ni wọ́n ti ń fi í ṣẹlẹ́yà, ibi gbogbo ló sì ti ń jà. Ó jà títí tó fi di ògbójú, ó wá búra pé òun á wá ẹni tó sọ òun lórúkọ yẹn kàn, òun á sì pa á.

Gatlinburg, ní Tennessee, ló ti rí i. Àárín oṣù Keje ni, oòrùn mú, ọmọ yà sílé ọtí kó rẹ òùngbẹ, ó bá bàbá níbi tó ti ń pín káàdì. Wọ́n jà títí wọ́n fi da ògiri lù, tí wọ́n bọ́ sí ìgboro, nínú ẹrẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ àti bíà. Bàbá gé bíńtín lára etí ọmọ. Ìgbà tí ọmọ yọ ìbọn ṣáájú bàbá ni bàbá tó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní òun mọ̀ pé òun ò ní sí nítòsí láti tọ́ ọ, òun ló jẹ́ kí òun fún un ní orúkọ tí yóò bá òun tọ́ ọ. Ọmọ ju ìbọn sílẹ̀, ó pè é ní bàbá. Ó gbà pé bàbá ro ó jinlẹ̀. Àmọ́ bí òun náà bá bí ọkùnrin lọ́jọ́ kan, Bill tàbí George ni yóò máa jẹ́, kó ṣáà má ti jẹ́ Sue.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe hun ún. Irọ́ yìí ní àdírẹ́sì. Ìlú wà níbẹ̀, oṣù wà níbẹ̀, a mọ ohun tí bàbá ń ṣe nígbà tí ọmọ wọlé. Ohun kan ṣoṣo tí kò bójú mu ni orúkọ; gbogbo ohun tó tẹ̀ lé orúkọ náà bójú mu dé góńgó. Lójú tèmi, òfin àwọn olórin yìí nìyẹn: pa irọ́ kan, kí o sì ṣe olóòótọ́ sí irọ́ náà títí orin á fi tán. Ta ló tún ní òmíràn lọ́wọ́?

Àdùkẹ́_Houston

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n Gìtá. Mo ní òmíràn, ti ṣọ́ọ̀ṣì sì ni. Ibi iṣẹ́ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ní Texas níbí, ọ̀gá wa kan ló mọ̀ ọ́n látòkè délẹ̀. Ray Stevens, ọmọ ìpínlẹ̀ Georgia, ló gbé e jáde ní 1984: ‘Mississippi Squirrel Revival’.

Ọmọdékùnrin kan mú ọ̀kẹ́rẹ́ nínú igbó, ó kó o sínú páálí bàtà, ó gbé e lọ sí ìsìn ọjọ́ Àìkú ní Pascagoula, ìlú kékeré kan ní Mississippi. Orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì náà nínú orin dà bí Ìjọ Àkọ́kọ́ ti Àwọn Olódodo Lójú Ara Wọn. Ọ̀kẹ́rẹ́ já. Ó kó sínú ṣòkòtò bàbá kan. Bàbá fò sókè, ó ń pariwo, ó ń jó, ó ń gbá ara rẹ̀ nílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìsìn, ẹ mọ ohun tí ìjọ máa rò. Wọ́n rò pé Ẹ̀mí ti bà lé e.

Ọ̀kẹ́rẹ́ kúrò lára bàbá, ó bọ́ sára àǹtí kan báyìí tó máa ń jókòó níwájú, tó máa ń fojú burúkú wo gbogbo èèyàn, ẹni tó jẹ́ pé mímọ́ tirẹ̀ ju ti pásítọ̀ lọ. Nígbà tí ọ̀kẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lára rẹ̀, ó dìde, ó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ó jẹ́wọ́ tirẹ̀ tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ àwọn tí wọ́n jọ dá a. Ẹ rò ó wò ná! Àwọn tó kù kò dúró kí ó kan àwọn.

Níbi tí òfin ẹ̀gbọ́n Gìtá ti hàn ni ìkẹyìn orin. Stevens ṣe ìṣirò ìsọjí náà fún wa bí akọ̀wé ìjọ tó ń ka ìròyìn ọdún: díákónì 7 àti pásítọ̀ fúnra rẹ̀ rí ìgbàlà, owó tó wọlé jẹ́ 25,000 dọ́là, èèyàn 50 forúkọ sílẹ̀ láti lọ ṣe míṣọ́nnárì ní Congo lójú ẹsẹ̀, ó kéré tán èèyàn 500 tún ara wọn yà sí mímọ́, wọ́n sì ri gbogbo wọn bọmi, ẹni tó yẹ àti ẹni tí kò yẹ. Pásítọ̀ náà rí ìgbàlà! Ìyẹn ló pa mí. Ọmọ ìjọ ni mí, tọkàntọkàn ni mo fi ń sin Ọlọ́run, mo sì fẹ́ràn orin yìí gan-an torí mo mọ àǹtí yẹn. Gbogbo ìjọ ló ní tiẹ̀.

Ọmọ_Ṣakí

Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ka ti àǹtí Àdùkẹ́, ẹni tó jókòó tì mí bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí 😂

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n Gìtá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, mi ò gbà pé òfin yẹn kárí gbogbo wọn. Roger Miller ńkọ́? ‘You Can’t Roller Skate in a Buffalo Herd’, 1966. Kò sí ìtàn níbẹ̀ rárá. Ó kàn ń ka ohun téèyàn ò lè ṣe ni: o ò lè wọ bàtà onítáyà máa yí kiri láàárín agbo ẹfọ̀n, o ò lè wẹ̀ nínú àgò ẹyẹ, o ò lè máa gbé ẹkùn kiri nínú mọ́tò rẹ. Kò sí Gatlinburg, kò sí Pascagoula. Wúruwùru lásán ni, ó sì dùn.

Bàbá_Rédíò

Ọmọ Ṣakí, o ṣeun tí o mẹ́nu ba Miller. Èmi ni kí o bi, mo ti gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ títí abẹ́rẹ́ fi fẹ́ là á já.

Fort Worth ní Texas ni wọ́n ti bí i ní 1936. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tó ṣì wà lọ́mọ ọwọ́, ìyá rẹ̀ kò lágbára láti bọ́ àwọn ọmọ, wọ́n pín wọn fún àwọn ẹbí. Òun bá ara rẹ̀ ní Erick, ìlú kékeré kan ní Oklahoma, níbi tó ti ń ṣa òwú. Ọmọ tó dá wà nínú oko, ọ̀rọ̀ ni ohun ìṣeré rẹ̀. Nígbà tó di 1964 ó gbé ‘Dang Me’ jáde, orin ọkùnrin kan tó ń fi owó ilé mutí tó sì ń ṣépè fún ara rẹ̀ pé ó yẹ kí wọ́n so òun rọ̀. Láàárín ẹsẹ kan sí èkejì, ẹnu rẹ̀ á máa ṣe rábaràba, kò sí ọ̀rọ̀ gidi níbẹ̀, gìtá àti ẹnu jọ ń sáré ni. Ẹ̀bùn orin Grammy 11 ló gbà ní 1965 àti 1966 pa pọ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé eré ọmọdé ni.

Ohun tí mo fẹ́ kí o tún gbọ́ nínú orin ẹfọ̀n náà rèé. Padà síbẹ̀, kí o yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èwo ni irọ́ níbẹ̀? Ṣé èèyàn lè fi bàtà onítáyà yí kiri láàárín ẹfọ̀n? Kò lè ṣe é. Ṣé o lè wẹ̀ nínú àgò ẹyẹ? O ò lè gbà síbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ pátá, òtítọ́ tí kò sí agbẹjọ́rò tó lè jiyàn rẹ̀. Irọ́ tí Gìtá ń sọ, Miller kò pa á. Òtítọ́ tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni ló ń sọ, ó sì ń sọ ọ́ bí bàbá tó ń kìlọ̀ fún ọmọ. Lẹ́yìn gbogbo ìkìlọ̀ yẹn ló tó dé ibi tó ń lọ: pé inú rẹ lè dùn bó bá wù ọ́. Ẹni tó ti ṣa òwú nígbà tó yẹ kó wà ní ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Mo tún fẹ́ sọ èyí kí n má gbàgbé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé orin yìí jìnnà sí wa, ẹ rántí gìtá tí Demola Adepoju máa ń fi irin fà lórí okùn lẹ́yìn King Sunny Ade, tí ohùn rẹ̀ máa ń lọ bí ẹni ń rá. Nínú orin kọ́ńtírì ni irú gìtá yẹn ti gbajúmọ̀.

Gìtá_Àgbà

Bàbá, ẹ ti bá mi là á yé e. Mo gbà pé ti Miller yàtọ̀, mi ò ní fi ipá tì í sábẹ́ òfin mi.

Ẹ jẹ́ kí n gbé èyí tó fìdí òfin náà múlẹ̀ jù lọ sílẹ̀. ‘One Piece at a Time’, Wayne Kemp ló kọ ọ́, Johnny Cash gbé e jáde ní 1976, ó sì gorí òkè pátápátá lórí àtẹ orin kọ́ńtírì. Ọkùnrin kan kúrò ní Kentucky ní 1949, ó gba iṣẹ́ ní Detroit níbi tí wọ́n ti ń to mọ́tò Cadillac. Lójoojúmọ́ ni mọ́tò tí kò ní lówó rẹ̀ láéláé ń kọjá lójú rẹ̀. Ó pinnu láti jí ọ̀kan, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, nínú àpótí oúnjẹ rẹ̀. Èyí tó bá tóbi jù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ á fi ilé onítáyà rẹ̀ gbé e jáde. Ó lé ní ogún ọdún tó fi jalè náà. Ọjọ́ tí wọ́n jókòó láti to ó pọ̀, ọdún kò bá ọdún mu.

Mẹkáníìkì_Mushin, ṣé o wà níbí? Iṣẹ́ rẹ dé o.

Mẹkáníìkì_Mushin

Mo wà níbí, ẹ̀gbọ́n. Mo ti lọ gbọ́ orin náà, mo tún un gbọ́, ohun tí mo rí ni pé ẹni tó kọ ọ́ mọ mọ́tò. Ẹ jẹ́ kí n tú u palẹ̀.

Ó ní gíábọ́ọ̀sì jẹ́ ti 1953, ẹ́ńjìnnì jẹ́ ti 1973, nígbà tí wọ́n fẹ́ fi bóòtù dè wọ́n, ihò kò bá ihò mu. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló máa rí. Ẹ́ńjìnnì Cadillac 1953 àti ti 1973, V8, ìyẹn onísílíńdà mẹ́jọ, ni àwọn méjèèjì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti 1973 tóbi ju ti 1953 lọ fíìfíì, wọ́n sì ti yí i padà pátápátá láàárín. Ojú ibi tí gíá ti ń gbá ẹ́ńjìnnì mú kò lè jọra. Kí ni wọ́n wá ṣe nínú orin? Wọ́n lu ihò tuntun, wọ́n fi adápítọ̀ sáàárín. Ohun tí èmi náà máa ṣe nìyẹn! Ẹni tó bá ti ra ẹ̀yà mọ́tò ní Ládípọ̀ rí, tó délé tó rí i pé kò wọlé, á mọ̀ pé kò sí irọ́ níbẹ̀.

Iná iwájú: méjì lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún. Ẹ má rò pé ẹ̀fẹ̀ ni akọrin kàn dá sílẹ̀. Ní àwọn ọdún 1949 sí ìgbà tí mọ́tò 1957 ń jáde, iná kan lápá kan ni wọ́n ń fi sí Cadillac tí gbogbo èèyàn ń rà. Mọ́tò 1958 ni gbogbo wọn di méjì-méjì. Nítorí náà, ẹni tó bá jí iná ọ̀tún ṣáájú 1958, tó wá jí ti òsì lẹ́yìn rẹ̀, iná mẹ́ta ni yóò ní. Òun náà rèé.

Ìyẹ́ ẹ̀yìn, èyí tó máa ń ga sókè bíi ti ẹja: orin ní ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n bá níbẹ̀. 1948 ni Cadillac bẹ̀rẹ̀ ìyẹ́ yẹn, ti 1959 ló ga jù, láàárín ọdún 1960 sí 1970 ló sì wábi gbà. Bí ẹ bá jí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí ìyẹ́ ṣì wà, kí ẹ tó padà wá mú ìkejì, kò sí mọ́.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1953 gan-an, iná jó ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe gíá Hydra-Matic ní Livonia, nítòsí Detroit. Kí iṣẹ́ má bàa dúró, Cadillac lọ mú gíá Dynaflow ti Buick, wọ́n ń fi í sínú mọ́tò tí wọ́n ń tà fún àwọn olówó. Ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ti ṣe mọ́tò alápàpọ̀ ṣáájú kí olè inú orin tó to tirẹ̀ pọ̀!

Àdùkẹ́_Houston

Mẹkáníìkì, o ṣe é! Mi ò mọ̀ pé iná mẹ́ta yẹn ní ìdí.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ìyàwó rẹ̀. Ó jáde, ó wo ohun tí ọkọ rẹ̀ tò jọ, ó hàn lójú rẹ̀ pé kò dá a lójú, síbẹ̀ ó ṣí ilẹ̀kùn, ó wọlé, ó ní kó gbé òun jáde. Wọ́n lọ gba nọ́ńbà. Gbogbo ìgboro ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n dé ọ́fíìsì ìjọba, ẹ̀rín tán: gbogbo òṣìṣẹ́ ló para pọ̀ tẹ pépà mọ́tò náà, nígbà tí wọ́n parí, pépà ọ̀hún wúwo tó 60 pọ́ùn, ìyẹn bíi kìlógíráàmù 27. Ó lé díẹ̀ ní ìdajì àpò sìmẹ́ǹtì. Pépà!

Tísà_Ìléṣà

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà. Èyí tí èmi mú wá, ìṣirò ẹbí ni. ‘I’m My Own Grandpa’, Dwight Latham àti Moe Jaffe ló kọ ọ́, Lonzo àti Oscar gbé e jáde ní 1947.

Ọkùnrin kan fẹ́ opó. Opó yìí ní ọmọbìnrin tó ti tó lọ́kọ, irun rẹ̀ pupa. Bàbá ọkùnrin náà rí ọmọbìnrin yìí, ó wù ú, ó fẹ́ ẹ sílé. Kò sí ẹni tó fẹ́ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ nínú wọn o. Wàyí, ẹ fi ara yín sípò ọkùnrin náà, kí ẹ bá mi kà á.

Bàbá mi fẹ́ ọmọ ìyàwó mi, nítorí náà bàbá mi di ọkọ ọmọ mi, èmi sì di àna bàbá mi. Ìyàwó bàbá mi, ìyá mi ni. Ọmọ mi wá di ìyá mi. Ìyàwó mi bí ọkùnrin: ọmọ mi ni, ṣùgbọ́n àbúrò ìyàwó bàbá mi ni pẹ̀lú, àbúrò ìyá mi nìyẹn. Ìyàwó bàbá mi náà bí ọkùnrin: àbúrò mi ni, ọmọ-ọmọ mi sì ni. Ó wá ku ìyàwó mi. Òun ló bí ìyá mi, ìyá àgbà mi ni. Ọkọ ìyá àgbà mi ńkọ́? Èmi náà ni. Mo ti di bàbá àgbà fún ara mi.

Mo yà á sójú pátákó fún kíláàsì mi, mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà láti ẹnì kan sí ẹnì kejì, kò sí ibi tí ìlà kan ti já. Àwọn ọmọ yẹ̀ ẹ́ wò títí, wọn ò rí àṣìṣe. Ọmọbìnrin kan wá béèrè ìbéèrè tí kò sí nínú orin: “Tísà, bí ilẹ̀ bá mọ́, ta ni yóò dọ̀bálẹ̀ fún ta?” Ọmọ ní láti dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀. Ọkọ ọmọ ẹni náà ní láti dọ̀bálẹ̀ fún àna rẹ̀. Àwọn méjèèjì á wà nílẹ̀ láràárọ̀, ẹnì kankan ò ní lè dìde kí ìkejì tó dìde.

Ọmọ_Ṣakí

Tísà!!! Ta ni yóò gba owó orí ìyàwó lọ́wọ́ ta? Èmi ni àna bàbá mi, bàbá mi ló sì san owó orí ìyàwó mi!

Ìbàdàn_Leeds

Mo ti ń ka gbogbo yín láti àárọ̀, mo rẹ́rìn-ín dáadáa. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fò. Orin ẹ̀fẹ̀ Amẹ́ríkà kò mọ́ látòkè délẹ̀. Ẹ wo ‘Oh! Susanna’ tí Stephen Foster tẹ̀ jáde ní 1848, tí àwọn ọmọdé ń kọ níbi gbogbo títí dòní. Inú rẹ̀ ni òjò ti rọ̀ ní gbogbo òru lọ́jọ́ tí ojú ọjọ́ gbẹ, tí oòrùn mú débi pé òtútù pa akọrin. Ó dùn, àbí? Àwọn òyìnbó tó fi èédú kun ojú, tí wọ́n ń sín àwọn ẹrú àti àwọn ọmọ wọn jẹ, ni wọ́n sọ ọ́ di olókìkí lórí ìtàgé. Ẹsẹ kan wà nínú rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ tí mi ò ní kọ síbí, pípa àwọn èèyàn dúdú ni wọ́n fi ṣe àwàdà. Ray Stevens tí àǹtí Àdùkẹ́ yìn, ní 1962 ó gbé ‘Ahab the Arab’ jáde, ó ń ṣe gbálagbàla lẹ́nu bí ẹni ń sọ èdè Lárúbáwá. Mo ní ọ̀rẹ́ tí èdè ìyá rẹ̀ nìyẹn. Mi ò lè fi orin yẹn sétí níwájú rẹ̀.

Bàbá_Rédíò

Òtítọ́ lo sọ, ó sì yẹ kó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mo fi èyí kún un: bánjò tí wọ́n fi ń kọ àwọn orin yẹn, àwọn ẹrú tí wọ́n kó láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ló mú ìmọ̀ rẹ̀ dé, láti inú irú ohun èlò onígbá tí wọ́n fi awọ bò tí wọ́n ń ta nílé. Wọ́n gba ohun èlò lọ́wọ́ wọn, wọ́n tún fi í kọrin yẹ̀yẹ́ wọn. Ẹni tó bá fẹ́ràn orin kọ́ńtírì gbọ́dọ̀ mọ èyí.

Gìtá_Àgbà

Ìbàdàn_Leeds, mo dúpẹ́. Òun náà ló jẹ́ kí n máa wo ibi tí ẹ̀rín ń wó lé. Sue ń fi ara rẹ̀ ṣe ẹ̀rín. Olè Cadillac ń fi ara rẹ̀ ṣe ẹ̀rín. Ọkùnrin ‘Dang Me’ ń ṣépè fún ara rẹ̀. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n San Quentin kò rẹ́rìn-ín nítorí pé Cash ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ gbọ́ ariwo wọn nínú rẹ́kọ́ọ̀dù náà nígbà tí ọmọ dojú kọ bàbá rẹ̀, ẹ ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kàn wọ́n. ‘Ahab’ àti ẹsẹ Foster yẹn, ẹni tí kò sí níbẹ̀ láti fèsì ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Mi ò ní gbè wọ́n lẹ́yìn.

Èyí tó jẹ́ pé orin kọ́ńtírì fi gbogbo ara rẹ̀ ṣe ẹ̀rín tún wà. Steve Goodman kọ ‘You Never Even Called Me by My Name’, John Prine bá a lọ́wọ́ sí i ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ òun sí i, David Allan Coe wá gbé e jáde ní 1975. Láàárín orin, Coe dákẹ́ orin, ó ń sọ̀rọ̀: ó ní Goodman kọ̀wé sí òun pé orin kọ́ńtírì tó pé jù lọ láyé nìyí. Òun dá a lóhùn pé kò tíì pé, torí kò sọ̀rọ̀ ìyá, kò sọ̀rọ̀ rélùwéè, kò sọ̀rọ̀ mọ́tò akẹ́rù, ẹ̀wọ̀n tàbí ọtí. Goodman bá fi ẹsẹ kan kún un. Nínú ẹsẹ kan ṣoṣo yẹn, akọrin mutí yó lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ jáde lẹ́wọ̀n, ó gbé mọ́tò rẹ̀ nínú òjò pé òun fẹ́ lọ pàdé rẹ̀ ní ibùdókọ̀, kó tó débẹ̀, rélùwéè ti tẹ ìyá pa. Kò sí ohun tí wọ́n gbàgbé! Ẹni tó sọ pé ẹkún nìkan ni orin kọ́ńtírì, àwọn fúnra wọn ti gbọ́ ẹ̀sùn náà tipẹ́, wọ́n ti kọ ọ́ lórin.

Bàbá_Rédíò

Kí n tó lọ jẹun: Little Jimmy Dickens, 1965, ‘May the Bird of Paradise Fly Up Your Nose’. Ọkùnrin kúkúrú ni, kò ga tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, ó sì jẹ́ àgbà ní Grand Ole Opry, ètò rédíò tó bẹ̀rẹ̀ ní Nashville ní 1925. Nínú orin náà, akọrin rí alágbe kan, ó sọ kọ́bọ̀ kan ṣoṣo sínú agolo rẹ̀. Alágbe wá fi èpè ránṣẹ́ tẹ̀ lé e: kí ẹyẹ párádísè fò wọ ihò imú rẹ, kí erin fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rọra pa ọ́ lára. Ẹyẹ párádísè, pẹ̀lú gbogbo ìyẹ́ rẹ̀! Orin yìí náà gorí òkè àtẹ kọ́ńtírì. Èpè olówó tín-ín-rín nìyẹn.

Mẹkáníìkì_Mushin

Mo ti rí èyí tí mo máa fi fún àwọn oníbàárà tó ń dúnàádúrà jù.

Tísà_Ìléṣà

Ìbéèrè kan. Ọkùnrin nìkan ni a ti ń kà. Ṣé kò sí ti obìnrin ni?

Àdùkẹ́_Houston

Ó wà, Tísà. Minnie Pearl dara pọ̀ mọ́ Opry ní 1940, pẹ̀lú fìlà rẹ̀ tí iye owó rẹ̀, 1.98 dọ́là, ṣì ń rọ̀ lára rẹ̀ torí kò já a kúrò nígbà tó rà á. Ìtàn ló máa ń sọ ju orin lọ. Nínú orin, Loretta Lynn ni mo máa mú, ‘One’s on the Way’, 1971. Ẹ ò ní gbà gbọ́: Shel Silverstein tó kọ ti Sue náà ló kọ ọ́.

Obìnrin kan wà nílé ní Topeka, ní Kansas. Ó ń ka àwọn obìnrin gbajúmọ̀ ayé, bí wọ́n ṣe ń jó, bí wọ́n ṣe ń fò lọ sí France láti ṣe irun. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, òjò ń rọ̀, ẹ̀rọ omi ń jò, ọmọ kan ń rìn tàgétàgé, ọ̀kan ń rákò, ọ̀kan wà nínú oyún. Ọkọ rẹ̀ pè é láti ilé ọtí. Ó ń bá ọkọ sọ̀rọ̀, ó ń bá àwọn ọmọ wí, a ò mọ èyí tó ń bá wí mọ́. Ọkọ ní òun ń kó àwọn ọ̀rẹ́ òun tí wọ́n jọ ṣe ológun bọ̀ nílé. Obìnrin náà parí orin pẹ̀lú àdúrà pé kí èyí tó wà nínú òun ṣáà má tún jẹ́ ìbejì.

Ọmọ_Ṣakí

Háà, ìbejì kẹ̀? Èèyàn ń gbàdúrà kí Táíwò àti Kẹ́hìndé má wá? Ó yẹ kí ẹnì kan kìlọ̀ fún un, àǹtí.

Àdùkẹ́_Houston

Àbúrò mi, ó ní kó má *tún* jẹ́ ìbejì. Ìyẹn ni pé wọ́n ti wá rí. Ẹni tó bá fẹ́ kìlọ̀ fún un, kó kọ́kọ́ wọlé kó bá a di ẹ̀rọ omi tó ń jò, kó gbé èyí tó ń rákò, kó sì sọ fún àwọn sójà yẹn pé kò tíì sí oúnjẹ.